Ajá Ń Ṣọ́ Ìsọ̀ Wa: Ta Ni Ń Ṣọ́ Ajá?

Nínú ìwé wa ti oṣooṣù, ọ̀rọ̀ owó ìpamọ́, ọ̀rọ̀ owó yíyá àti ọ̀rọ̀ èrè òpin ọdún ni a máa ń sọ jù. Ti oṣù yìí yàtọ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ajá ni. Kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín, kí ó má sì ṣí ojú ewé yìí kọjá, nítorí pé ọ̀rọ̀ ajá yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ mú wa sunkún ọmọ.

Kò sí ẹni tó ń tajà ní Ìdúmọ̀tà, ní Jankárà, ní Òkè-Àrìn tàbí ní Ẹbútẹ́-Èrò tí kò mọ̀ pé nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, tí a bá ti ìsọ̀ tán, ojú méjì ló ń ṣọ́ ẹrù wa. Èkíní ni ojú mégàádì, èkejì ni ojú ajá. Mégàádì lè sùn lọ fọnfọn. Ajá kì í sùn tán. Ṣùgbọ́n mégàádì ń gba owó oṣù, bí ara rẹ̀ kò bá yá, yóò ní kí á fún òun láàyè láti lọ sí ọsibítù. Ajá kò lè sọ̀rọ̀. Ta ni yóò mú un lọ?

BÍ ÀWỌN AJÁ WA ṢE DÉ

Ní ìgbà òjò kan ni a bá àwọn mẹ́ta nínú páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ní ẹ̀hìn sítọ́ọ̀ ẹgbẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ìyá wọn rù débi pé ènìyàn lè ka egungun ìhà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjì kò tíì ju ìkúùkù lọ. Ẹni tó jù wọ́n síbẹ̀ kò fi orúkọ sílẹ̀, àwa náà kò sì wá a. Ajá ìbílẹ̀ lásán ni wọ́n, irú èyí tí àwọn ọmọ àdúgbò ń pè ní Bíngò. Kì í ṣe ajá olówó ńlá tí wọ́n ń fi mọ́tò gbé kiri.

Ìyá aláta ló kọ́kọ́ ju orí ẹja sí wọn. Ìyá olóúnjẹ tó wà ní ẹnu ọ̀nà náà bẹ̀rẹ̀ sí í da ìyókù ẹ̀bà fún wọn. Kí oṣù kan tó pé, wọ́n ti di ará ilé. Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, àwọn eku tó ń lu àpò ìrẹsì wa ti ń sá. Àwọn ọmọ ìta tó máa ń wá tú ìlẹ̀kùn wò lóru náà wá ibòmíràn gbà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwa Yorùbá máa ń sọ ajá lórúkọ òwe, kí á lè fi bá aládùúgbò wí láìbú u. A sọ ìyá ní Ẹ̀hìnlàárò, a sọ akọ inú àwọn ọmọ ní Ṣebótimọ, abo kejì sì ń jẹ́ Tanímọ̀la.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe gbà wọ́n tọ́. A fún wọn ní oúnjẹ, a fún wọn ní orúkọ, a sì fún wọn ní iṣẹ́. Ohun tí a kò fún wọn ni ìtọ́jú. Láàrín ọdún kan àbọ̀, ẹnikẹ́ni nínú wa kò mú ọ̀kankan nínú wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko. Bí ẹnìkan bá tilẹ̀ dá a lábàá, àwọn yòókù á ní, “Ajá wo? Ajá ìgboro yìí náà? Ṣé èmi fúnra mi ti rí dókítà lọ́dún yìí ni?” Gbogbo wa á sì rẹ́rìn-ín.

ỌJỌ́ TÍ ẸRÍN PARÍ

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, nígbà tí àwọn ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ìrun Jímọ́ọ̀ bọ̀, a gbọ́ igbe ọmọdé ní ẹ̀hìn sítọ́ọ̀. Ọmọ ọ̀kan nínú wa ni, ọmọdékùnrin ọlọ́dún mọ́kànlá tó ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ bí ó bá ti ilé ìwé dé. Ó tẹ Ṣebótimọ ní ìrù níbi tó sùn sí lábẹ́ tábìlì, ajá náà sì gbé e ní ọmọ ẹsẹ̀. Eyín wọlé ní ojú mẹ́ta. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn.

A kò ní fi ohun tí a ṣe pamọ́ fún yín, nítorí pé ìtìjú wa lè jẹ́ ẹ̀kọ́ fún ẹlòmíràn. Àgbà kan láàrín wa ní kí á tètè gé irun ajá náà, kí á sun ún, kí á fi epo pupa pò ó lẹ́ ojú egbò. Báyìí ni àwọn bàbá wa ti ń ṣe, ó ní. Ẹlòmíràn gbé kẹrosíìnì wá. A ṣe méjèèjì. A wá fi àkísà di ẹsẹ̀ ọmọ náà, a fún un ní mínírà tútù, a rò pé ó ti parí.

Orí ló yọ wá. Àbúrò akọ̀wé wa, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, yà wá ra nǹkan. Bí ó ti rí àkísà ẹsẹ̀ ọmọ náà, tó sì gbọ́ ìtàn rẹ̀, ó ju báàgì sílẹ̀. “Ẹ̀yin àgbà wọ̀nyí, ẹ fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ ni? Ẹ gbé omi wá! Ẹ mú ọṣẹ wá!” Ó tú àkísà náà, ó ń da omi sí ojú egbò, ó ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Odidi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi ń fọ̀ ọ́, ọmọ náà ń ké, ìyá rẹ̀ náà ń ké. Lẹ́yìn náà ló ní kí á wá mọ́tò, ó di ọsibítù.

Ìbéèrè méjì ni dókítà ibẹ̀ bi wá. Èkíní: “Ṣé ajá yẹn ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi?” A wo ilẹ̀. A ní, “A ò mọ̀, sà.” Èkejì ló dùn wá jù. Ó ní, “Ta ló ni ín?”

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹni mẹ́fà ni a wà nínú yàrá yẹn, kò sí ẹni tó lè dáhùn. Ìyá aláta wo ìyá olóúnjẹ, ìyá olóúnjẹ wo akápò, akápò wo òrùlé. Nígbà tí ajá ń lé olè, ajá gbogbo wa ni. Nígbà tó bu ọmọ jẹ, kò ní olówó mọ́. Ọ̀rọ̀ tí a sì ń sọ lójoojúmọ́ ni pé ajá tó bá ní ẹni lẹ́hìn ló ń pa ọ̀bọ. Ajá wa kò ní ẹnikẹ́ni lẹ́hìn.

ỌJỌ́ MẸ́WÀÁ

Wọ́n fún ọmọ náà ní abẹ́rẹ́ ní ọjọ́ náà gan-an, wọ́n sì kọ ọjọ́ àwọn tó kù sínú ìwé fún un: ọjọ́ kẹta, ọjọ́ keje, àti ìyókù. Dókítà wá kìlọ̀ fún wa gidigidi pé kí á má pa ajá náà o. Kí á so ó mọ́lẹ̀ níbi tí kò ti ní rí ẹnìkan bù jẹ, kí á máa fún un ní oúnjẹ àti omi, kí á sì máa wò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá. Bí ajá tó bu ènìyàn jẹ bá ní àrùn náà nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bù ú jẹ, kì í pẹ́ tó fi máa hàn lára rẹ̀, kò sì lè lò ju ọjọ́ mélòó kan lọ kí ó tó kú. Bí ó bá pé ọjọ́ mẹ́wàá tí ajá ṣì wà láàyè, tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, a jẹ́ pé kò ní àrùn náà lẹ́nu lọ́jọ́ ọ̀hún. Ẹni tó bá sáré pa ajá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹlẹ́rìí.

Nígbà tí a padà dé, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin ti dúró pẹ̀lú igi lọ́wọ́. A bẹ̀ wọ́n títí tí ẹnu fi ń kan wá. Wọ́n lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ń wo ẹ̀hìn.

Ọjọ́ mẹ́wàá yẹn gùn ju ọdún lọ. Ní àràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ìsọ̀, a ó lọ wo Ṣebótimọ. Ṣé ó jẹun? Ṣé ó mu omi? Ṣé itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀? Ìyá ọmọ náà kì í bá wa sọ̀rọ̀. Yóò kàn dúró lókèèrè, yóò wo ajá náà, yóò sì padà sídìí ọjà rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹfà, ajá náà kọ oúnjẹ àárọ̀, ọwọ́ gbogbo wa sì mì. Ìrọ̀lẹ́ ló tó jẹ ẹ́. Ní ọjọ́ kẹwàá, Ṣebótimọ ń ju ìrù, ó ń gbó eku. Ọmọ náà parí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bí dókítà ṣe ní kó ṣe, ó sì ti padà sí ilé ìwé. Orí bá wa ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó bá fi orí nìkan ṣe òwò, ẹ̀yin náà mọ ibi tó ń já sí.

KÍ NI ÀRÙN DÌGBÒLUGI YÌÍ?

Àwọn àgbà tó sọ ọ́ lórúkọ mọ ohun tí wọ́n rí. Ajá tó ń sáré tí kò mọ ibi tó ń lọ mọ́, tó ń dìgbò lu igi, òun ni dìgbòlugi. Kòkòrò àìfojúrí kan tó ń gbé inú itọ́ ló ń fà á. Bí ajá tó ní in bá bu ènìyàn jẹ, tàbí tó bá lá ojú egbò, kòkòrò náà á tẹ̀ lé iṣan lọ títí tó fi máa dé ọpọlọ. Ìrìn rẹ̀ kì í yá. Ó sábà máa ń gba oṣù méjì sí mẹ́ta, nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀ kan, nígbà mìíràn tó ọdún kan. Èyí ló ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Egbò á ti jinná, wọn á ti gbàgbé. Bí àìsàn náà bá wá fi ara hàn, tí aláìsàn ń bẹ̀rù omi, tí ọ̀fun rẹ̀ ń dì, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń yè é. Kò sí àgbo, kò sí abẹ́rẹ́ tó ń wò ó mọ́ nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá fọ egbò lójú ẹsẹ̀, tí a sì bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ lásìkò, a fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé kò ní wá.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé bí ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlọ́gọ́ta (59,000) ènìyàn ni àrùn yìí ń pa láyé lọ́dọọdún, ní ilẹ̀ Áfíríkà àti ilẹ̀ Éṣíà jù. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó bá kó o, mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ló ti ara ajá kó o. Nínú àwọn tí àrùn yìí ń pa, bí ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà: ọmọdé ló ń bá ajá ṣeré jù, òun náà ló sì máa ń fi ojú egbò pamọ́ nítorí kí wọ́n má baà nà án.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Kì í ṣe gbogbo ajá tó ní àrùn yìí ló ń ya wèrè. Òmíràn á kàn dákẹ́, á lọ fara pamọ́ síbi òkùnkùn, àgbọ̀n rẹ̀ á wálẹ̀, itọ́ á máa dà, bí ẹni pé egungun há a lọ́fun. Ẹni tó bá ní àánú lójú á ki ọwọ́ bọ ẹnu rẹ̀ láti yọ egungun tí kò sí níbẹ̀. Ẹ má ṣe é o!

ÌPÀDÉ WA

Nígbà tí a gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, ariwo ta. Ẹnìkan ní kí á kó gbogbo ajá náà lọ tà fún àwọn ẹlẹ́ran. Ẹlòmíràn béèrè pé ìwé òfin ẹgbẹ́ wo ló ní kí á fi owó àjẹṣẹ́kù tọ́jú ajá, nígbà tí àwọn tó fẹ́ yá owó ilé ìwé ọmọ ṣì ń tò lẹ́sẹẹsẹ. Ọ̀rọ̀ náà mú ọpọlọ lọ́wọ́, a kò lè pè é ní ọ̀rọ̀ ọ̀tá.

Alhájà kan, tó jẹ́ àgbà láàrín wa, ló dìde. Gbogbo wa rò pé yóò ní kí wọ́n kó wọn kúrò, nítorí a mọ̀ pé kì í jẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ òun. Ó ní, “Lóòótọ́ ni, bí ajá bá ki ẹnu bọ abọ́ mi, ìgbà méje ni mo ń fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn wa kò lòdì sí ajá tó ń ṣọ́ ẹrù. Ajá àwọn ọmọ inú ihò àpáta wà nínú Àlùkùránì, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí ẹnu ọ̀nà, ó ń ṣọ́ wọn. Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni èyí: ẹrù inú sítọ́ọ̀ yẹn, èló ni? Ta ló ti ń ṣọ́ ọ láti ọdún kan àbọ̀? Owó oṣù èló lẹ fún un? Ẹ kò jẹ ẹ́ ní owó abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo lọ́dún?”

Ilé pa lọ́lọ́. Akápò mú pẹ́ńsù rẹ̀, ó ṣírò owó mọ́tò ọsibítù àti abẹ́rẹ́ ọmọ náà tí ẹgbẹ́ san, ó wá fi wé iye tí dókítà ẹranko ní òun yóò gbà lórí ajá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti ọmọ náà pọ̀ ju ti àwọn ajá lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. A kò tíì ka ẹkún ìyá rẹ̀ mọ́ ọn. Ọwọ́ gbogbo ènìyàn ló nà sókè. A pinnu pé kì í ṣe inú owó ìpamọ́ ni a ó ti mú un. Ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan tó wà ní ìlà sítọ́ọ̀ náà yóò máa dá owó kékeré lóṣooṣù, bí ẹni ń dá èésú. A sì yan ẹni méjì tí orúkọ wọn yóò wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí olówó àwọn ajá náà. Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹnìkan bá béèrè pé “Ta ló ni ín?”, ìdáhùn wà.

Ọ̀DỌ̀ DÓKÍTÀ ẸRANKO

Ọkọ̀ dánfó méjì kọ̀ láti gbé wa. A kò bá wọn jà. Ta ni yóò fẹ́ jókòó ti ajá tí kò mọ̀ rí? Ọkọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó máa ń kó ẹrù ni a gbà, ní ìdájí kí oòrùn tó mú. A kò fún wọn ní oúnjẹ púpọ̀ kí wọ́n má baà bì. A so okùn mọ́ wọn lọ́rùn, a fi ọ̀já aṣọ rọra di ẹnu Ṣebótimọ, kò dín èémí rẹ̀ kù, a sì gba orí afárá Carter kọjá sí òdìkejì.

A rò pé abẹ́rẹ́ ni wọn yóò kàn gún, kí á máa lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Dókítà náà kọ́kọ́ wọn ìwúwo wọn, nítorí pé ìwúwo ni a fi ń mọ iye oògùn. Ó ṣí ẹnu wọn wo eyín àti èrìgì. Èrìgì tó bá funfun dípò kó pọ́n, ẹ̀jẹ̀ ló ń tán lára ajá. Ó wo inú etí, ó wo awọ ara, ó fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà, ó sì fi ẹ̀rọ wo bí ara wọn ṣe gbóná sí. Ara ajá gbóná ju ti ènìyàn lọ: bí 38 sí 39 lórí ìwọ̀n Celsius ni ti ajá tí ara rẹ̀ dá. Nítorí náà ẹni tó bá fi ọwọ́ kan ajá tó ní “ara rẹ̀ gbóná” lè má mọ ohun tó ń sọ. Ó tún gba ìgbẹ́ wọn láti fi yẹ ẹyin aràn wò.

Ohun tó bá nìyí. Ẹ̀hìnlàárò ní eégbọn nínú etí, èrìgì rẹ̀ sì funfun. Eégbọn kì í mu ẹ̀jẹ̀ nìkan. Ó máa ń kó àrùn sínú ẹ̀jẹ̀ ajá, tí ajá á fi máa rù, tí á sì kú. Tanímọ̀la ní kúrúnà ní ìgúnpá. Gbogbo wọn ló ní aràn. Dókítà bi wá pé níbo ni àwọn ọmọdé ti ń ṣeré. A ní lórí iyanrìn ẹ̀hìn sítọ́ọ̀. Ó mi orí. Ó ní ẹyin aràn ajá ń gbé inú iyanrìn bẹ́ẹ̀, ọmọ tó bá fi ọwọ́ ìdọ̀tí jẹun á gbé e mì, aràn mìíràn sì ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé, á máa ya ìlà wínníwínní lábẹ́ awọ, á máa yún ọmọ náà lóru.

Ó fún wọn ní oògùn aràn àti ti eégbọn, ó gún wọn ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ó sì fún wa ní káàdì mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ ajá. Akọ̀wé kọ̀ láti kà á sókè pé aláìsàn ń jẹ́ Ṣebótimọ. Ẹ̀rín pa àwọn tó wà níbẹ̀.

Dókítà tún bá wa sọ̀rọ̀ lórí ọmọ bíbí. Ẹ̀hìnlàárò á máa wá akọ bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Oyún ajá kò ju bí ọjọ́ mẹ́tàlélọ́gọ́ta lọ. Bí a kò bá fẹ́ kí àwa náà di ẹni tó ń gbé páálí lọ sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ẹlòmíràn, kí á jẹ́ kí òun ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn abo kí wọ́n má bí mọ́, kí á sì tẹ akọ lọ́dàá. Akọ tí a bá tẹ̀ lọ́dàá kì í rìn gbéregbère tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ìjà rẹ̀ sì máa ń dín kù. A ti ń dá owó ti Ẹ̀hìnlàárò.

KÌ Í ṢE Ọ̀RỌ̀ TUNTUN

Àwa ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó kọ́ ló yẹ kí wọ́n máa kọ́ pé àrùn ẹranko ń di àrùn ènìyàn. Ní ọdún 1924 ni àrùn tí eku àti kòkòrò ara rẹ̀ ń tàn kálẹ̀ wọ Èkó, tó sì pa ènìyàn púpọ̀ ní Erékùṣù yìí fún ọdún mélòó kan. Nítorí rẹ̀ ni ìjọba ìgbà náà ṣe dá àjọ tí wọ́n ń pè ní L.E.D.B. sílẹ̀ ní 1928, èyí tó wá wó ilé àwọn bàbá wa.

Ní ọdún 1924 yẹn kan náà ni wọ́n dá ilé ìwádìí àrùn ẹranko sílẹ̀ ní Vom, ní ẹ̀bá Jos, nítorí àrùn kan tó ń run màlúù. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi bá a jà ní gbogbo ayé, títí tí àgbáyé fi kéde ní 2011 pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá. Vom yìí náà ló ń ṣe abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ti ajá nílẹ̀ wa. Ọkùnrin ará Faransé kan, Louis Pasteur, ló kọ́kọ́ gún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ nítorí àrùn yìí. Ọjọ́ kẹfà oṣù Keje, 1885 ni, fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan tí ajá bù jẹ, ọmọ náà sì yè. Ọjọ́ tí Pasteur kú, 28 oṣù Kẹsàn-án, ni gbogbo ayé fi ń ṣe Ọjọ́ Dìgbòlugi. Ẹ máa fi etí sí rédíò ní àsìkò náà, nítorí ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé kí ìjọba tàbí àwọn dókítà ẹranko gún ajá lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn tó mọ̀ ní bí a bá gún àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ajá àdúgbò kan, àrùn náà kò ní rí ọ̀nà gbà mọ́. Ẹ rí i pé iṣẹ́ àjẹṣẹ́kù gan-an nìyẹn. Ẹnìkan kò lè dá a ṣe. Gbogbo wa lápapọ̀ lè ṣe é.

OHUN TÍ A Ń BẸ YÍN PÉ KÍ Ẹ ṢE

1. Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, omi àti ọṣẹ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Kò sí irun ajá, kò sí epo, kò sí kẹrosíìnì. Lẹ́yìn náà, ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, bí ojú egbò tilẹ̀ kéré.

2. Ẹ má pa ajá náà bí ó bá ṣeé so. Ọjọ́ mẹ́wàá.

3. Ajá tó bá ti pé oṣù mẹ́ta, ó tó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kí ẹ sì máa tún un gún lọ́dọọdún. Àwọn ọmọ ajá tún ní abẹ́rẹ́ mìíràn tó yẹ kí wọ́n gbà láti bí ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ, nítorí àwọn àìsàn ìgbẹ́ gbuuru àti ikọ́ tó ń pa wọ́n. Oògùn aràn ti àgbà ajá, bí oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

4. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń gbé abẹ́rẹ́ kiri ọjà nínú àpò. Ẹ̀yin tó ń ta ẹja yìnyín mọ ohun tí oòrùn ń ṣe fún ẹja. Bẹ́ẹ̀ náà ni abẹ́rẹ́ yìí. Inú òtútù ló gbọ́dọ̀ wà títí di ìgbà tí wọn yóò gún un. Èyí tó ti lo ọ̀sán nínú oòrùn, omi lásán ni. Ẹ béèrè bóyá orúkọ dókítà náà wà nínú ìwé Ìgbìmọ̀ Àwọn Dókítà Ẹranko ilẹ̀ Nàìjíríà.

5. Ẹ má fi ọ̀tapiapia pa eégbọn lára ajá. Ajá ń lá ara rẹ̀. Oró náà yóò wọ inú rẹ̀, yóò sì ta bá ọwọ́ ẹ̀yin náà. Ẹ má sì fún un ní oògùn ara ríro ti ènìyàn.

6. Ẹ kọ orúkọ olówó ajá sílẹ̀. Ajá tí kò ní olówó, gbèsè gbogbo àdúgbò ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí parí, ọmọ tí a wí yẹn gba ẹ̀hìn sítọ́ọ̀ kọjá. Ṣebótimọ dìde, ó ju ìrù. Ọmọ náà dúró díẹ̀, ó rìn yí i ká, ó jìnnà sí ìrù rẹ̀ dáadáa, ó sì ju egungun ẹja kan sí i. Ìyá rẹ̀ ń wò wọ́n láti ìdí ọjà. Kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n nígbà tí akápò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti gba owó ajá ti oṣù yìí, òun ló kọ́kọ́ san.

Ẹ̀yin tí ajá ń ṣọ́ ìsọ̀ yín, ẹ yẹ káàdì rẹ̀ wò lọ́la. Bí kò bá ní káàdì, ẹ wá rí akọ̀wé ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́; ọkọ̀ wa yóò tún kọjá afárá ní ìparí oṣù, àyè ṣì wà nínú rẹ̀. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ire o.